Irin Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Ọjọ́ tí mo rin ààlà oko bàbá mi yíká ní Sanson, abúlé wa, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Ní ilé wa, ẹni tí yóò jogún oko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin ààlà rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti rọ láti kékeré, nítorí náà, nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò bàbá mi gba oko kajú náà. Ó ní, "Àfi kí o fi àyà wọ́ bí ejò!"

Èmi àti alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú Tchaourou fi irin kẹ̀kẹ́ olóògbé bàbá mi rọ ohun tí yóò di ẹsẹ̀ mi mú láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, tí yóò sì máa ká ní orúnkún.

Láàárọ̀ ọyẹ́ kan, mo fi ọ̀pá méjì tilẹ̀ wọ inú kùrukùru láti rin ààlà oko náà. Irin náà ń dún kín-ìn, kín-ìn, bí kẹ̀kẹ́ bàbá mi gan-an. Àbúrò bàbá mi gbọ́ ọ lábẹ́ igi kajú, ó wólẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú! N ó dá oko ọmọ yín padà!"

Mo dúró láti dá a lóhùn. Dídún náà kò dúró. Ó ń lọ níwájú mi lójú ààlà, mo sì tẹ̀ lé e títí mo fi yí oko náà ká.

Lónìí, àbúrò bàbá mi ní òun kò ṣèlérí nǹkan kan. Ẹ̀yin àgbà ilé wa, mo ti rin ààlà náà. Ẹ fún mi ní oko bàbá mi.