Páànù Ilé Ewúrẹ́

Ìjì ló ká gbogbo páànù orí ilé Fàsílátù lábà lọ́nà Atosin. Gbogbo ẹ̀ pátá, ẹ̀yin ará! Ògiri nìkan ló kù. Òjò wá ń rọ̀ lé Dára ọmọ rẹ̀ lórí, ọmọ ọwọ́ tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Obìnrin yìí ò wá nǹkan míì, páànù ló ń wá.

Láti Ìsẹ́yìn ló ti wá ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó Bàbá Olútìmẹ́hìn. Bàbá ní tirẹ̀, Odode ló ń gbé. Àwọn tó ń báni ṣoko níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, orúkọ olóko ni wọ́n á kọ́kọ́ dá, kí wọ́n má baà pè wọ́n lólè kòkó. Ó ti mọ́ wọn lára.

Nígbà tí Blessing tó ń kọ orúkọ fún ìrànlọ́wọ́ wá gbé fóònù dé, tó ní, "Màmá, ilé ta nìyí?" Fàsílátù ò tiẹ̀ rò ó.

"Ilé Bàbá Olútìmẹ́hìn ni."

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń pín páànù, kálukú dá dúró: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mùsùlùmí, ti òyìnbó. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣojú nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó ń dá pinnu fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe èèyàn o. Àwọn aṣojú yìí ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí ilé kan má baà gbà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá sì ti gba páànù ní Odode, orúkọ rẹ̀ yìí kan náà ni Blessing kọ fún ilé Fàsílátù. Ni àwọn aṣojú bá fẹnu kò: ilé yìí ti gbà.

Gbogbo ibi tí Fàsílátù dé, "Ẹ ti gbà" ni wọ́n ń wí. Ó padà bá Blessing.

"Màmá, ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Ṣé gbogbo wọn ló ń purọ́ ni?"

"Ṣebí o débẹ̀! Ṣé o rí òrùlé lórí mi?"

Blessing ti ń pe ẹlòmíì.

Ló bá pọn ọmọ, ó di Odode. Páànù tuntun ń dán yinrin lórí ilé ewúrẹ́ Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, páànù mi nìyẹn."

"Tìrẹ kẹ̀? Orúkọ ta lo dá fún wọn?"

"Tiyín ni, sà. Bí ẹ ṣe ní ká máa wí nìyẹn."

"O ṣeun, ọmọ dáadáa." Bàbá tu hóró ọsàn sílẹ̀. Dára wúkọ́. Òjò ti ṣú bo orí òkè. "Àyè wà lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n gbá ibẹ̀ kó o tó jókòó o."

Fàsílátù gbá a. Òjò dé, ó rọ̀ gan-an. Páànù náà ò jò rárá.