Da Tàbí Dá: Bí Mo Ṣe Fi Òùngbẹ Gbọn Ọsàn Mi

Agogo méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, àwa mẹ́ta la dúró lẹ́yìn ilé mi ní Òṣú: èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin tó wá láti Igbọ́nà ní Òṣogbo, àti obìnrin òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àwa àgbẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọsàn tútù, wẹ́wẹ́ bí ẹyin aláǹgbá, bo ilẹ̀.

Igi mẹ́sàn-án ni. Ìyàwó mi ló gbìn wọ́n. Ikú ò jẹ́ kó dúró jẹ nínú wọn. Ọdún yìí ni wọ́n kọ́kọ́ so, mo sì ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé àkọ́so wọn á dé ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyàwó mi ti ń kọrin.

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀, ó wò mí. "Àna mi, ṣé ẹ bá àwọn igi yìí jà ni?"

"Rárá o. Ẹ̀kọ́ ni mo tẹ̀ lé."

"Ẹ̀kọ́ ta ni, Bàbá?" Òṣìṣẹ́ náà ló béèrè.

"Ẹ̀kọ́ yín ni, Aǹtí."

Mo wọlé lọ gbé ìwé mi. Kí n má purọ́, inú mi dùn láti gbé e jáde. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ ìwé kọ, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, títí kan ohun tí kò yẹ ní kíkọ. Olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà bẹ̀ mí títí pé kí n máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ńṣe ló dà bíi pé eṣinṣin yàgbẹ́ sórí ìwé. Mo ní èmi tí mo kọ ọ́ náà ni màá kà á. Ta ni mo ń ṣàmì fún?

Òṣìṣẹ́ náà kà á sókè: "Ki o to tanna, da omi. To ba ti so, da omi." Ó tún un kà. "Bàbá, èwo lẹ dà nínú ẹ̀, èwo lẹ dá dúró?"

Mo ṣàlàyé. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n tó tanná, ojoojúmọ́ ni mo ń fa omi kànga dà sí wọn nídìí. Ewé yọ, òdòdó ò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n so, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ, èmi náà sì dá omi dúró. Mo tilẹ̀ ń fojú òpè wo aládùúgbò mi tó ń bomi rin tirẹ̀.

"Ẹ ti dorí ẹ̀ kodò," òṣìṣẹ́ náà ní. "Kí igi tó tanná ló yẹ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ díẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó tanná pọ̀. Tó bá ti so, tí ọmọ ẹ̀ ṣì kéré, ẹ ò gbọdọ̀ fi omi dù ú. Ńṣe ló máa gbọn wọ́n dànù."

Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ bọ́ ìyàwó títí kó tó lóyún, ó wá bímọ tán, ẹ gba àwo lọ́wọ́ ẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ṣé wọ́n á kú?"

"Igi ò ní kú. Àwọn ọmọ tó kù lórí náà lè dúró, tẹ́ ẹ bá ń fún wọn lómi. Ẹ má kàn rọ́ ọ lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà o."

"Ṣé wọ́n á tó apẹ̀rẹ̀ kan?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Apẹ̀rẹ̀ kékeré."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kékeré náà la máa gbé lọ. Àbúrò mi ò lójú kòkòrò."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo ìsìn tó dún, mo ti wà nídìí kànga. Garawa méjì ni mo fún igi kọ̀ọ̀kan, mo ń dà á díẹ̀díẹ̀ yí wọn ká. Nídìí igi kẹta, ọmọ ọsàn kan já lé mi lórí. Mo bẹ igi náà pé kó má bínú, mo sì lọ fa omi ti ìkẹrin.