Bí Adìyẹ Ẹ̀jẹ́ Ṣe Bá Wa Dé Àkúrẹ́

Ọdún tí ìjì ká páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Igbódìgò, tó lọ fi bo ibi tí a ti ń fọ epo, ọdún náà ni mo ń sọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Kó má fi tirẹ̀ kún un.

Àkùkọ kejì kò tíì kọ tí èmi àti Ìyá Fẹ́mi, aládùúgbò mi, fi jáde nílé pẹ̀lú adìyẹ kan nínú apẹ̀rẹ̀. A kì í bára wa sọ̀rọ̀ nígbà náà. Èmi ni mo pè é lólè.

Òrùka ìgbéyàwó mi, wúrà tí olóògbé ọkọ mi rà, ni mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo tí mo sá, kí n lè mọ pùpúrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwa ń yan lórí èéfín. Nígbà tí mo padà, kò sí mọ́, Ìyá Fẹ́mi nìkan ló sì yà kí mi láàárọ̀ yẹn. Mo la ẹnu mi gbọọrọ níwájú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní òun ló mú un. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ra pùpúrù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ń mọ ọ́n, ó ń yan án, eku ló ń jẹ ẹ́. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá lè kọjá ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì láì yanjú, òun á kó lọ bá ọmọ òun ní Sàpẹ́lẹ̀.

“Adìyẹ yín ló gbé e mì,” ló wí fún mi lọ́jọ́ òrùka. “Ẹ pa á, ẹ wò ó.”

Mo ti fi adìyẹ náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ ńkọ́? Wòlíì wa ní ẹran ẹ̀jẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ìkórè, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn án. A ṣọ́ ìdí adìyẹ náà fún ọjọ́ mọ́kànlá, a ò rí nǹkan kan. Ni Fúnmi, ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́, bá ní kí a gbé e wá. Ó ní òun ní ohun tó ń rí inú láì la inú.

Ní gáréèjì Òkìtìpupa, awakọ̀ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní adìyẹ á san ẹgbẹ̀ta. Mo ní adìyẹ Ọlọ́run ni. Ó ní ọkọ̀ òun kì í ṣe ti Ọlọ́run. Mo sanwó. Ọ̀nà dára títí dé Orè. Láti ibẹ̀, kòtò gba kòtò.

“Adìyẹ,” ni Ìyá Fẹ́mi wí, “bi ìyá rẹ bóyá ó máa jẹ ẹ̀pà.”

“Adìyẹ,” ni mo dá a lóhùn, “sọ fún un pé mo ti yó.”

“Adìyẹ, ohun tí o gbé mì á gbé ọ mì!”

Awakọ̀ wẹ̀yìn. “Ẹ̀yin màmá, ta lẹ ń bá wí gan-an?”

“Adìyẹ,” ni àwa méjèèjì jọ dáhùn. “Máa wa ọkọ̀ rẹ.”

Ní Àkúrẹ́, iyán ni wọ́n gbé fún wa. Ó funfun, kò ní kókó, ṣùgbọ́n kò ní òórùn èéfín bíi pùpúrù. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọn ti yó.

Yàrá iṣẹ́ Fúnmi dà bí ilé ìdáná tí kò sí oúnjẹ. Ó fi awo pẹlẹbẹ kan hàn wá, tín-ín-rín, tó ṣe é tẹ̀ bí awọ bàtà. Ó ní òkúta dídán ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn, ó wọ́n, ó sì ń fọ́. Èyí tí òun sè yìí, èròjà rẹ̀ bá ti inú epo pupa àti igi tan. Bí ìtànṣán ẹ́sírè tí ojú kò rí, irú èyí tí wọ́n fi ń wo eegun ní ilé ìwòsàn, bá lù ú, á tàn bíi tanátaná. Ibi tí wúrà bá ti dínà, ibẹ̀ á dúdú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń sè é. Òmíràn kò tàn rárá, òmíràn tàn lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

“Ṣé ó ṣe é jẹ?” ni Ìyá Fẹ́mi bi í.

“Rárá o, màmá.”

“Pẹ̀lú gbogbo sísè yìí?”

Ìtànṣán náà kò dára fún ènìyàn, nítorí náà a ní láti jáde, kí adìyẹ dá wà lórí tábìlì, kó má mira. Nígbà àkọ́kọ́, ó fò. Àwòrán jáde bí èéfín. Nígbà kejì, ó yé ẹyin. Wọ́n ya àwòrán ẹyin náà, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tó ń bá Fúnmi ṣiṣẹ́ wá jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí bí adìyẹ ṣe ń dúró jẹ́ẹ́.

Ìyá Fẹ́mi pòṣé. “Ìyá Ṣọlá, ẹ bá mi dì í mú.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ òrùka nìyẹn. Mo dì í mú. Ó ki orí adìyẹ bọ abẹ́ ìyẹ́ apá adìyẹ fúnra rẹ̀, a jọ ń fì í síwá-sẹ́yìn bí ìgbà tí à ń rẹ ọmọ, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe lóko. Adìyẹ sùn fọnfọn. A yọ́ jáde.

Ojú ẹ̀rọ tàn. Mo rí eegun, mo rí òkúta wẹ́wẹ́ nínú iwe, mo sì rí òrùka mi láàárín wọn, ó dúdú, ó ṣe róbótó. Fúnmi ń fò sókè pé awo òun ṣiṣẹ́. Èmi kúnlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, wọ́n gbé àga wá.

“Ìyá Fẹ́mi, ẹ dárí jì mí.”

“Ẹ dìde. Níwájú ẹgbẹ́ obìnrin lẹ ti pè mí lólè, ibẹ̀ lẹ óò ti kúnlẹ̀.” Ó kọjú sí Fúnmi. “Ìwọ ọmọ yìí, tẹ àwòrán yẹn fún mi. Kó tóbi dáadáa.”

Ọjọ́ kejì la padà délé. Mo kúnlẹ̀ níbi tó ní kí n kúnlẹ̀ sí. Adìyẹ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ìkórè, ó lọ pẹ̀lú wúrà mi nínú, n kò sì tọpa rẹ̀. Ìyá Fẹ́mi kò lọ sí Sàpẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fi dígí bo àwòrán náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè ti ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wálé, mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá dé ilé Ìyá Fẹ́mi, kí wọ́n má tíì jókòó. Kí wọ́n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwòrán adìyẹ yẹn. Èmi náà ń kúnlẹ̀ fún un. Èmi tí mo ti ń mọ pùpúrù láti kékeré, ọ̀dọ̀ Ìyá Fẹ́mi ni mo ti ń rà á báyìí.