Ọmọ Ológbò Tí Ajá Wa Fún Lọ́mú

Ọdún tí mo padà sí Ìpotì láti máa tọ́jú ìyá mi, n kò lè jókòó lójú kan. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, màá gbálẹ̀, màá tún un gbá, màá jáde lọ yí kòkó tí a sá, màá padà wọlé. Ìyá mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbé e mọ́ láti ìgbà tó ṣubú lóko, á máa wò mí láti orí àga.

"Ṣé ìjàlọ ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ ni?"

Abo ajá pupa kan wà nílé, èyí tí bàbá mi fi ṣọdẹ kó tó kú. Ó bímọ mẹ́ta nígbà òjò, gbogbo wọn sì kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ajá ń rìn yí àgbàlá ká, ó ń fi imú túlẹ̀ kiri, ọmú rẹ̀ wú. Ìrìn rẹ̀ wá kún tèmi. Nígbà tó yá, n kò lè wò ó mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ológbò ìyá mi lọ jẹ eku tó ti jẹ oògùn eku. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti bá òkú rẹ̀. Ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, ojú rẹ̀ kò tíì là. Mo po mílíìkì, mo ki òwú bọ̀ ọ́, mo fi sí i lẹ́nu. Ó ń dà jáde. Igbe rẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ pọn omi. Kí n tó dé, páálí ti ṣófo. Ajá yìí kan náà ló máa ń lé ìyá ológbò yẹn gun àjà, nítorí náà mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo mú ọmọ odó, mo wá ajá lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló dùbúlẹ̀ sí. Ọmọ ológbò rọ̀ mọ́ ọmú rẹ̀, ó ń mu, ajá sì ń lá a lórí. Ó gbójú sókè wò mí. Mo rọra gbé ọmọ odó sílẹ̀.

Ìyá mi fi igi tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Kí ni mo rí nínú ulé mi yìí?"

Ìròyìn kò pẹ́ kó tó dé ilé kejì. Aládùúgbò wa, tí òun àti ìyá mi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, wá wò ó. Ara mi kò balẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó máa sọ.

"Màmá, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé méjèèjì lọ sínú igbó."

Ìyá mi kọjú sí i. "Nígbà tí o bí àkọ́bí rẹ, tí omi ọmú rẹ kò sọ̀, ta ló fún un lọ́mú?"

"Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni, mà."

"Ṣé a gbé òun àti ọmọ rẹ lọ sínú igbó?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó, a sì bu iyán fún un.

Ọmọ ológbò dàgbà. Àárín ẹsẹ̀ ajá ló ń sùn, ìrù ajá ló fi ń ṣeré. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ajá á sì dúró kí ológbò kọ́kọ́ jẹ.

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kan ní Ìlógbò. Inú mi dùn pé mo rí ọ̀nà lọ, ojú sì tì mí pé inú mi dùn. Àbúrò mi obìnrin wá dúró ti ìyá wa. Ìpẹ̀kun ìlú ni mo gba yàrá sí, ẹ̀rù sì ń bà mí láti dá gbé, nítorí náà mo mú ajá dání. Mo fi ológbò sílẹ̀ kó máa pa eku.

Ajá kò jẹun. Ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí géètì, ó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá mi pè mí lórí fóònù.

"Gbé ajá wá. Ológbò yìí ti fi èékánná ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tán. Igbe rẹ̀ kò jẹ́ ká sinmi."

"Màmá, èmi nìkan ni mo wà níbí o."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Gbé e wá."

Bí a ti jáde ilé ìwé lọ́jọ́ Jímọ́, mo gbé ajá wọ ọkọ̀, a gba Ìjerò kọjá, a dé Ìpotì kí oòrùn tó wọ̀. Ológbò jáde láti ẹ̀yìn àpò kòkó. Ó gbóòórùn ojú ajá, ó fi ọwọ́ gbá a nímú lẹ́ẹ̀kan, ó yípadà wọlé. Ajá tẹ̀ lé e. N kò rí wọn mọ́ títí di ìgbà oúnjẹ.

N kò mú ajá padà sí Ìlógbò mọ́. Ó ti darúgbó, eyín rẹ̀ sì ti ń ká báyìí. Ológbò á pa eku, á gbé e síwájú rẹ̀, ajá á gbóòórùn rẹ̀, á fi í sílẹ̀. Ní tèmi, tí mo ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Jímọ́ kì í tètè dé fún mi ní Ìlógbò, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Àìkú kì í tètè dé fún mi ní Ìpotì.