Ẹ̀yìn Alágbẹ̀dẹ Tí Kò Pọ́n

Láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Mbok Rubinem (Mbok ni a ń pe ìyá àgbà) fi gbé abúlé wa ní Java, ẹ̀yìn tí kò tíì rí níbẹ̀ kò pọ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: owó bàbà kan láti ayé àwọn òyìnbó Holland, tí etí rẹ̀ ti jẹ títí ó fi ń dán; àwo kékeré tí epo àgbọn wà nínú rẹ̀; àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ tí ó máa ń gún mọ́ epo náà. Bí atẹ́gùn bá wọ ènìyàn lára, tí orí ń fọ́ ọ, tí inú rẹ̀ kún, tí eegun rẹ̀ wúwo, Rubinem ni yóò fi owó bàbà náà ha ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà-ìlà, láti ọrùn dé ìbàdí. Bí ìlà náà bá pọ́n díẹ̀, atẹ́gùn kékeré ni. Bí ó bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, atẹ́gùn ńlá ni, ó sì ti ń jáde nìyẹn. Èmi kò mọ ẹnikẹ́ni ní abúlé wa tí ó lọ sí ilé ìwòsàn láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Òfin kan ṣoṣo ni ó ní: ohun tí ẹ̀yìn bá sọ fún ọwọ́, ẹnu kò gbọdọ̀ tún un sọ. Ó dájú pé ó mọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, ó sì mọ ọkùnrin tí ó fín ara nígbà èwe kí ó tó lọ sí Mẹ́kà; ṣùgbọ́n a kò gbọ́ orúkọ kankan lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1994, ìjọba rán Dókítà Priyambada sí ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà lẹ́bàá ojú títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, aṣọ rẹ̀ funfun, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ní ọjọ́ tí a ń wọn àwọn ìkókó, ó dìde láàárín àwọn obìnrin, ó ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀yìn híha sílẹ̀: ó ń bó awọ ara, ó ń kó àrùn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, ó sì ń dá aláìsàn dúró nílé títí ìwòsàn yóò fi bọ́. Iwájú gan-an ni Rubinem jókòó sí. Ó ń mi orí, ó ń jẹ ewé bẹ́tẹ́lì rẹ̀ lọ, bí àwọn arúgbó wa ti máa ń ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí Ngatirah, ìyàwó Kasiman alágbẹ̀dẹ, rí dókítà yìí kan náà ní ọjọ́rú kan tí ó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná Rubinem jáde, tí ó fi agbòjò bojú nígbà tí òjò kò rọ̀, gbogbo abúlé ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ kejì, ṣúgà àti tíì dé sí ilé arúgbó náà láti ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn kan ní dókítà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn kan ní ó ń gba ọfọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé. Ngatirah ní tirẹ̀ wí pé ṣúgà náà kì í ṣe lásán: dókítà ti ra ọwọ́ Rubinem, kí ó lè máa ta àwa aláìsàn sí i. Kí n má purọ́, tirẹ̀ ni mo gbà gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Kasiman jí pẹ̀lú àyà tí ó ń há. Ó ti fi omi tútù wẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ iná lánàá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó ṣe é. A ránṣẹ́ pe Rubinem. Ó fi epo pa ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó ha ìlà kìíní, kò pọ́n. Ó ha ìkejì, kò pọ́n. Lẹ́yìn ìkẹta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan awọ náà. Ó tutù, òógùn sì ń ṣàn lórí rẹ̀. Rubinem nu owó bàbà rẹ̀, ó sì dì í mọ́ ìgbànú.

“Èyí kì í ṣe atẹ́gùn,” ó wí. “Ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà.”

Àwa tí a dúró sẹ́nu ọ̀nà wo ara wa. Ngatirah rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn-ún gbọ́.

“Mbok, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣúgà ló ń sọ̀rọ̀.”

“Ngatirah, ọkọ ẹ ń kú lọ.”

“Àná ńkọ́? Ìjẹta ńkọ́? Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń ha ẹ̀yìn, ẹ ò lé ẹnikẹ́ni lọ bá dókítà rí. Ọ̀sẹ̀ tí ṣúgà dé gan-an lẹ wá rí ikú. Kí ni dókítà wá ṣe nínú ilé yín lọ́jọ́rú? Ẹ sọ ọ́ báyìí, ká gbé e lọ.”

Gbogbo wa ń retí. Rubinem la ẹnu, ó tún pa á dé. Ta ni kò ní fura? Ngatirah rán ènìyàn sí abúlé kejì pé kí Saliyem, tí òun náà ń ha ẹ̀yìn, máa bọ̀ kíákíá. Nígbà tí a óò fi bojú wẹ̀yìn, Rubinem ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹnì kan wí pé ó ti lọ jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn ni ó sọ fún wa lẹ́yìn náà bí ó ti rí. Arúgbó náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọlé tààrà, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó sì wí pé, “Dókítà, mi ò sọ, mi ò sì ní í sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín nìkan ló lè gbé ọkùnrin yẹn dé ibí.”

Nígbà tí dókítà dé ilé alágbẹ̀dẹ, Ngatirah ti na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹni tí ó fi ṣúgà ra arúgbó kò ní í fi ra ọkọ òun. Dókítà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa.

Láti ọrùn dé ìbàdí, ìlà pupa-pupa ni, ọ̀tún àti òsì, bí egungun ẹja. Wọ́n ti ń dúdú díẹ̀, bí ìlà ọjọ́ méjì ti máa ń rí.

“Ibà ló ń ṣe mí,” ó wí, ojú rẹ̀ sí ògiri. “Mo lo oògùn mi, kò lọ. Màmá mi ló máa ń ha mí nílé. Lọ́jọ́rú, mo ní kí Mbok bá mi ha á, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ẹnì kankan. Òun nìyẹn.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ohùn Kasiman ni a gbọ́ láti orí bẹ́ǹṣì, tí ó ń wá èémí.

“Tiyín mà pọ́n o, dókítà. Tèmi ò pọ́n rárá. Ngatirah, jẹ́ kí wọ́n gbé mi.”

Ọkọ̀ tí ó ń kó kábéèjì lọ sí ọjà ni a fi gbé e lọ sí ìlú ńlá, dókítà sì jókòó tì í láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀. Àìsàn ọkàn ni ó ń ṣe Kasiman. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀, ó sì padà wálé láàyè.

Mo rò pé ilé Rubinem yóò kún fún ènìyàn láti ọjọ́ náà. Àwọn tí ń lọ síbẹ̀ dín kù ni. Kò sí ẹni tí ó tún pè é ní ẹni tí a rà. Ọwọ́ rẹ̀ tí ó lè rí ikú gan-an ni a wá ń bẹ̀rù. Ngatirah gbé àgbébọ̀ adìyẹ kan wá fi dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó sì sunkún. Kí ó tó dìde, ó sọ òótọ́ inú rẹ̀.

“Mbok, ẹ má bínú. Mi ò ní lè jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi mọ́.”

“Kí ni mo ṣe ẹ́?”

“Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún sinmi díẹ̀ pẹ́nrẹ́n láti nu owó yẹn, ẹ̀rù ló máa pa mí.”

Rubinem gba adìyẹ náà, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó sì wí pé ẹ̀yìn oníkálukú, ti oníkálukú ni. Láti ìgbà náà, bí atẹ́gùn bá wọ Ngatirah lára, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ sí abúlé kejì, sọ́dọ̀ Saliyem, tí kò tíì dáwọ́ dúró lórí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni rí.