Iná Pupa Ọkọ̀ Ọdẹ́yẹmí

“Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan án o.”

Ọ̀rọ̀ tí Ọdẹ́yẹmí sọ kẹ́yìn fún Adésọjí ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Mọ́tò ló ń wí.

Awakọ̀ ni Ọdẹ́yẹmí, ará Irolu. Èrò àti ẹ̀gẹ́ ló ń kó lọ sí Ṣàgámù. Kì í sáré. Àwọn obìnrin tó ń bá a rìn ń pè é ní Bàbá Dúró-ná. Wọ́n ní kí ẹ̀gẹ́ tó dé ọjà nínú bùùtù rẹ̀, yóò ti di fùfú. Á rẹ́rìn-ín, kò sì ní torí ìyẹn sáré.

Kì í ṣe ojo. Nígbà kan rí, iná pupa tó ń sọ pé ọ́ìlì kò gòkè sínú ẹ́ńjìnì tàn lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn èrò ní kó jọ̀ọ́, àwọn ti pẹ́. Ó gbọ́ tiwọn. Ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì, ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Wọ́n wọ ọkọ̀ mìíràn lọ, wọn ò wẹ̀yìn wò. Ọdẹ́yẹmí padà sídìí ọkọ́. Owó oko ló fi ra ẹ́ńjìnì mìíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì nà tán mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ ọ́ sí Adésọjí létí: bí iná ọ́ìlì bá tàn, pa ẹ́ńjìnì ná, kí o tó pe Ọlọ́run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àyà ríro gbá Ọdẹ́yẹmí mú lórí ebè lóko. Òógùn bò ó. Adésọjí gbé e sí iwájú ọkọ̀, ó di ọ̀nà ọsibítù ní Ṣàgámù. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí iná pupa fi tàn. Ọmọ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bàbá rí i.

“Pa á.”

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ dókítà ná.”

“Mo ní kí o pa á. Bí mo bá lọ, kí ni ìyá ẹ ó máa jẹ?”

Adésọjí pa á. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì kún. Ó gbé ọ̀pá náà wá síwájú bàbá rẹ̀. Ọdẹ́yẹmí mi orí. Ó ní ọ́ìlì lè kún nísàlẹ̀ kó má gòkè. Bí páńpù tó ń fà á bá ti kú, ẹ́ńjìnì á máa jẹ ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Òun náà ló kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Adésọjí sáré lọ wá ọ̀kadà ní oríta. Bó ṣe ń lọ ni bàbá ké ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn tẹ̀lé e. Nígbà tí òun àti Hàrúnà ọlọ́kadà fi dé, Ọdẹ́yẹmí ti gbé orí ti gíláàsì. Kò mí mọ́.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ẹ̀gbọ́n olóògbé bi Adésọjí láàárín ẹbí: “Mọ́tò lo tọ́jú, àbí bàbá ẹ?”

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Sàláwù mẹkáníìkì ní Makun. Sàláwù tú sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, nǹkan kékeré bí àtàǹpàkò tó máa ń tan iná náà. Ó de géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì sí ojú ihò rẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ géèjì gòkè, ó dúró.

“Páńpù ẹ le koko. Sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀ bá wà á dé Ìbàdàn, nǹkan kan ò ní ṣe é.”

Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí. Ó dojú kọlẹ̀.

Adésọjí bi í bóyá ẹni tó wà lójú ọ̀nà, tí kò ní géèjì, lè mọ̀.

“Kò lè mọ̀,” ni Sàláwù wí. “Èmi náà ì bá pa á.”

Bàbá jàre, nígbà náà. Àwọn tó ní kó máa wà á lọ níjọ́sí ń bẹ láyé, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Òun tó dúró ló kú.

Sàláwù de sẹ́ńsọ̀ tuntun. Adésọjí wa ọkọ̀ délé, iná kankan ò tàn. Ìyá rẹ̀ wà ní yàrá, kò jáde. Obì tí bàbá rẹ̀ kó sínú apẹ̀rẹ̀ ti ń gbóná látìgbà tí kò ti sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Adésọjí gbé e sẹ́yìnkùlé, ó dà á sílẹ̀, ó já ewé tútù tí yóò fi bò ó. Ó jókòó, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀.