Òpó Àárín Ilé Onírin Màmá Mi

Ẹni tí kò bá mọ bàbá mi yóò rò pé ahun ni. Kì í ṣe ahun rárá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lo ogún ọdún ní Kaduna ni, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Ohunkóhun tó bá rà sínú ilé wa ní àdúgbò Nasarawa gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè tú, kí a dì í, kí a gbé e sọ́kọ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń padà sílé. Bẹ́ẹ̀dì wa ń tú, kọ́bọ́ọ̀dù wa ń tú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, bó ṣe máa ń wí nìyẹn, bí ẹni pé àwa ọmọ ń bá a jiyàn.

Nítorí náà, nígbà tó gbà láti kọ́ ibi ìránṣọ fún màmá mi sórí ilẹ̀ wa ní Mando, ní Kaduna níbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé onírin ló ní òun máa kọ́. Òpó irin, ògiri páànù, nọ́ọ̀tì ni yóò sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kó tó ronú kan bí ilé ṣe máa fẹ̀ tó, gáréèjì ló kọ́kọ́ lọ, ó mú tépù ìránṣọ màmá mi dání, ó wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Awakọ̀ bi í pé kí ló fẹ́ kó. Ó ní ilé ni.

Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni gígùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Bàbá wá pàṣẹ pé irin kankan kò gbọ́dọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní kíláàsì wa, mo sì máa ń fi í fọ́nnu. Ojú kan lórí ìwé gíráàfù dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Màmá fẹ́ kí ilé náà fẹ̀ tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà mo gé irin tó máa gbé òrùlé sí méjì, mo sì to òpó sí àárín láti gbà wọ́n dúró. Inú bàbá mi dùn. Inú tèmi náà dùn, òmùgọ̀ ni mí.

Yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ni màmá mi ń rán. A kò ní tábìlì tó gùn tó, orí ilẹ̀ ló ti ń gé aṣọ, lórí ìkúnlẹ̀, títí orúnkún rẹ̀ fi dúdú tó sì le. Tábìlì gígùn kan tí òun lè rìn yí ká ni gbogbo ohun tó fẹ́. Ó gé bébà kékeré kan bí ìwọ̀n tábìlì náà, ó gbé e lé àwòrán mi. Bébà náà bọ́ sórí òpó. Ó sún un síhìn-ín, ó kan ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ máa wà. Ó sún un sọ́hùn-ún, bákan náà ni. Ojú tì mí gan-an.

Bàbá mú àwòrán lọ bá wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, àgbà Hausa kan ní Mando, èmi àti màmá sì tẹ̀ lé e. Màmá bi wẹ́dà náà bóyá a lè yọ àwọn òpó àárín kúrò.

"Alhaji, sai dai walda," ni wẹ́dà náà wí, àfi ká jó o pọ̀. Ó ṣàlàyé pé bí kò bá sí òpó láàárín, òun ò lè fọkàn tán nọ́ọ̀tì. Àfi kí òun jó irin náà pọ̀ di ẹyọ kan, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà gbáko.

 Bàbá mi wá kọjú sí màmá mi.

"Tí wọ́n bá jó o pọ̀, kò sí bí a ṣe máa gbé e lọ sílé mọ́ o."

"Ẹ wo orúnkún mi, Alhaji," ni màmá mi fèsì. "Ibi tí mo bá ti lè dúró ṣiṣẹ́, ibẹ̀ nilé mi."

Mo rò pé bàbá mi yóò bínú. Ó ní kí n mú írésà wá. Ó tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn òpó náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pa á títí ìwé fi ya.

Mo ṣì ní ìwé náà títí di òní. Ihò wà láàárín rẹ̀. Nínú ilé tí a kọ́, ibẹ̀ gan-an ni màmá mi ti ń dúró gé aṣọ.